Ohùn Olóògbé Tí Mo Pa Rẹ́

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Lórí cluster wa níbi iṣẹ́, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, pod, ètò kékeré tá a kó ohùn àwọn àgbà Ifẹ̀ sí, ń kú, ó ń jí láti àárọ̀. Mo pa á rẹ́ kí òmíràn lè dìde rọ́pò rẹ̀.

Òmíràn dìde lóòótọ́, àmọ́ òfìfo ni. A ò ní ẹ̀dà níbòmíràn.

Lọ́sàn-án, ìyá kan wọlé láti Òkè-Ogbo. Ìyá tó bí wọn wà lára àwọn tá a gbohùn wọn sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sin ìyá àgbà náà.

“Ọmọ mi, jẹ́ n gbóhùn ìyá mi lẹ́ẹ̀kan péré.”

“Mà, mo ti pa á rẹ́. Ẹ dákun.”

Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, “Ṣé wọ́n tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn?”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ṣé ọ̀nà kankan ṣì wà?