Ìpè Tí Wosilat Jẹ́

Wosilat tí mò ń sọ yìí, ìyàwó ọmọ mi ni, ọmọ àgbẹ̀ Kuta. Kò ga, kò sì láriwo, ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìka rẹ̀ a máa sáré bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan ní Òṣogbo kí ọmọ mi, Abdulafeez, tó fẹ́ ẹ wá sí Ìwó. Afeez ló ra kọ̀ǹpútà fún un, ó gbé e sí pálọ̀ wa, àwọn tíṣà láti Ilé-Ogbó àti Kuta sì ń gbé ìbéèrè ìdánwò wá kí ó bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe tuntun. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní háàdì díìsìkì, inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí èèyàn bá tẹ̀ ń gbé. Bí àwọn ọ́fíìsì bá ti lo tiwọn gbó, Afeez a lọ kó o wálé nínú páálí. Á nu gbogbo ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sínú rẹ̀ kúrò, á sì fún un níṣẹ́ mìíràn. Òfin kan ló ní: kò ní nu irin kankan láì kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. "Ìyá, èèyàn kì í da ohun inú ìkòkò nù láì ṣí i wò," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Ní 1998 ni ibà mú un lọ.

Wosilat wọ opó. Nílé tiwa, opó kì í jáde, ọkùnrin àjèjì kì í sì í rí ojú rẹ̀ títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé. Iṣẹ́ ò dúró ṣá. Èmi ni mò ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tíṣà lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mò ń kó èyí tó bá tẹ̀ fún wọn. Ohun tó ń jẹ nìyẹn, ohun tí èmi náà ń jẹ.

Ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò Kuta kù sí dẹ̀dẹ̀ ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni ń fi èékánná kan ilẹ̀kùn. Wosilat gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Màmá, irin inú rẹ̀ ló ń kú lọ. Tó bá kú, ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló bá a lọ. Ta ló tún máa gbé iṣẹ́ wá fún mi?"

Mo ránṣẹ́ sí Matthew ní Ilé-Ogbó. Ọ̀rẹ́ Afeez ni, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń tú irin wọ̀nyẹn. Ọ̀sán ló dé, ó dọ̀bálẹ̀. Wosilat ti wọ yàrá, ó fa kọ́tìnnì bo ẹnu ọ̀nà, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Àtọ́kẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, wá fi àga sí àárín gbùngbùn.

"Matthew, kọ̀ǹpútà ni kí ojú rẹ máa wò o," ni wọ́n wí.

"Ìyá, ẹ̀rù yín ń bà mí ju ti kọ̀ǹpútà lọ."

Ó tú páálí Afeez. Irin kan ti kú. Òmíràn kéré jù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dáa. Ó so ó mọ́ ara kọ̀ǹpútà lórí tábìlì. "Èyí máa gbà á. N ó nu inú rẹ̀, n ó wá kó iṣẹ́ ìyàwó wa sí i kí èyí tó ń kan ilẹ̀kùn yìí tó dákẹ́." Ṣùgbọ́n òun náà mọ òfin Afeez. Ó ní kí òun kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tẹ nǹkan kan.

"Wosilat! Wosilat ò! Ṣé àsáró yẹn ò tíì jinná ni?"

Ohùn Afeez ni, ó ń jáde látinú sípíkà ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti gba ohùn ara rẹ̀ sínú irin náà nígbà kan tó ń dán ẹ̀rọ wò.

Kí ẹnikẹ́ni tó mí, ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn kọ́tìnnì, bó ṣe máa ń dáhùn láti ìdí ààrò: "Ẹ̀n! Mò ń bọ̀!"

Kọ̀, kọ̀, kọ̀.

Àtọ́kẹ́ fò dìde, gèlè wọn já bọ́. "Yéè! Ó ti jẹ́ ẹ! Ó jẹ́ ìpè òkú!"

Kò sí ọmọ tí a ò kìlọ̀ fún ní àdúgbò wa: bí òkú bá pe orúkọ rẹ, má dáhùn, ẹni tó bá dáhùn á tẹ̀ lé e.

"Ó tún ní òun ń bọ̀! Matthew, fọ́ nǹkan yẹn mọ́lẹ̀!"

"Ìyá, tí mo bá fọ́ ọ, kò sí ibòmíràn tí mo lè kó iṣẹ́ sí."

"Iṣẹ́! Ṣé òkú ló máa ṣe iṣẹ́ ni?"

Mo na ọwọ́ sí irin náà. Matthew gbá ọwọ́ mi mú. "Iná wà lára rẹ̀, Ìyá."

"Má fọ́ ọ," mo ní. "Má nù ún. Ọmọ mi nìyẹn."

Matthew wò mí, ó wo kọ̀ǹpútà. "Ẹ gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wá. A lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó nù ún. Ṣùgbọ́n ẹ yára. Irin tó ń ké yìí ò ní pẹ́ kú, NEPA náà ò sì ṣeé gbọ́kàn lé."

"Ẹ fẹ́ gbé e sí kásẹ́ẹ̀tì," ni Àtọ́kẹ́ wí, "kó lè máa pè wá káàkiri ilé, àbí?"

Mo ti gbé rédíò lọ́wọ́ nígbà tí Wosilat sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀."

"Wosilat, èmi ni mo bí i o."

"Mo mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ìgbà tí mo dáhùn. Ẹnu mi ló ṣí fúnra rẹ̀. Tí ohùn yẹn bá wà nílé yìí, ojoojúmọ́ ni n ó máa dáhùn. N ó máa wá àsáró kiri. Ẹ jẹ́ kó nù ún, kó kó iṣẹ́ mi sí i."

Mo gbé rédíò sílẹ̀. Mo ní kí Matthew jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àtọ́kẹ́ fi ìka di etí. Afeez tún pè, ó tún bèèrè oúnjẹ rẹ̀. Lábẹ́ kọ́tìnnì, mo rí i tí ẹsẹ̀ Wosilat sún síwájú. Èmi ni mo dáhùn, mo sì gbé ohùn sókè:

"Ó ti jinná, Afeez. Èmi ìyá rẹ ló dá ọ lóhùn. Bí ìpè yìí bá máa mú ẹnì kan, àgbà ni kó mú."

Mo kọjú sí Matthew. "Nù ún."

Ó pẹ́. Nọ́ńbà ń gorí nọ́ńbà lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ kúrò lára èyí tó ń kú. Iná ṣẹ́jú, gbogbo wa dìde. Kò lọ. Kíkan yẹn ń yára sí i, ó ń yára sí i, ó wá dákẹ́ pátápátá.

"Ti Kuta ńkọ́?" Wosilat bèèrè.

Matthew ń wò, ó ń wò. "Ti Kuta pé. Ti Ilé-Ogbó pé. Ẹ̀kẹta ni kò bọ́ sí i tán. Ẹ máa tún apá kan tẹ̀, ìyàwó wa."

Nígbà tí Matthew gun ọ̀kadà lọ, Wosilat jáde láti yàrá, aṣọ opó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ apá tó ṣẹ́kù. Àtọ́kẹ́ ò lọ sílé. Wọ́n fa àga wọn tì í. Wọn ò wo ìwé, wọn ò wo kọ̀ǹpútà. Àyà Wosilat ni wọ́n ń wò, bó ṣe ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀. Nígbà tó bá yá, wọn á yíjú sí èmi náà, wọn á wo tèmi.