Àpòòwé Tí Mo Fi Lé Aṣòfin Lọ́wọ́

Nínú gbogbo àwa tí a kan ilẹ̀kùn fún olùdíje wa ní àdúgbò wa ní North York, lókè òkun níbí, èmi ni mo kàn án jù, èmi náà ni n kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Permit tí wọ́n ń fún ẹni tó parí ẹ̀kọ́ níbí ló wà lọ́wọ́ mi. Ó gbà mí láàyè láti ṣiṣẹ́ àti láti yọ̀ǹda ara mi fún ẹni tó bá wù mí, ṣùgbọ́n kò gbà mí láàyè láti tẹ̀ka. Mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ìyẹn kò dùn mí. Irọ́ ni. Ó dùn mí, bóyá ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ń kan ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n lé.

Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí dáadáa, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ti inú rẹ̀ jáde wá. Mo ti gba oyè ilé-ìwé gíga, mo sì ti kọ̀wé wáṣẹ́ títí tí n kò fi rántí àwọn ibi tí mo kọ ọ́ sí mọ́. Ẹnikẹ́ni kì í dáhùn. Ní ọ́fíìsì ìpolongo, wọ́n fún mi ní káàdì tí mo fi kọ́rùn, wọ́n sì ń bi mí pé, "Kí ni ìwọ rò?" Ìbéèrè yẹn lásán ti tó láti sọ mí di ọmọlẹ́yìn.

Àǹtí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìbátan mi. Àjà kẹrin nínú ilé gíga wa ló ń gbé, èmi wà ní àjà keje, nínú yàrá kan tí mo háyà lọ́wọ́ ìdílé kan. Inú ẹ̀rọ agbéniròkè ni a ti pàdé ní ọdún àkọ́kọ́ mi. Ó wo jákẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀, ó ní, "Ta ló tàn ọ́ pé aṣọ nìyẹn?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹun nílé rẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn wà ní Ìbàdàn, wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ yóò jáde.

Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé mi lọ́wọ́, ó ti inú ilé pariwo.

"Ta ni?"

"Èmi ni, Àǹtí. Ẹ kú ilé o. Mo wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa olùdíje wa."

"Olùdíje kẹ̀? Èmi ò ra nǹkan lẹ́nu ọ̀nà o." Ó ṣílẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Olóṣèlú! Ìwọ ò lè dìbò, èmi ò lè dìbò. Kò sí ẹni tó lẹ́ṣin nínú wa, à ń jà lórí gàárì."

Mo wọlé, mo jẹun, mo sì ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ní ọ́fíìsì sí i létí. Ó gbọ́ ọ títí. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Tó bá wọlé, ṣé ó máa ń rántí ènìyàn?"

Àǹtí ti kọ̀wé béèrè fún ìwé ìgbélùú, kò sì gbọ́ ohunkóhun. Permit tó fi ń ṣiṣẹ́ kò ní ju oṣù mẹ́ta lọ mọ́. Bí ìjọba bá lè fún un ní lẹ́tà kan péré, pé ìwé rẹ̀ ti dé ọwọ́ àwọn, yóò lè fi lẹ́tà náà gba permit mìíràn kí ti àkọ́kọ́ tó tán. Lẹ́tà yẹn ni kò dé. Bí kò bá dé, iṣẹ́ dópin, ìrìn-àjò dópin.

"Ó dá mi lójú pé á ràn yín lọ́wọ́," mo ní.

Kò sí ohun kankan tó dá mi lójú láyé ní ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ó wò mí bí ẹni tí mo ṣíná fún nínú òkùnkùn, n kò sì lè pa iná náà mọ́.

Olùdíje wa wọlé ìbò, ó di aṣòfin. Ní ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó pe gbogbo àwa olùyọ̀ǹda sí ọ́fíìsì ìpolongo láti dúpẹ́. Ṣọ́ọ̀bù òfìfo kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ni olórí wa. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ Àǹtí fún un lórí fóònù ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, ó sì dá mi lóhùn kedere: aṣòfin yóò ṣí ọ́fíìsì láìpẹ́, òṣìṣẹ́ kan yóò wà níbẹ̀ tó ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí Àǹtí lọ rí i. Mo jíṣẹ́ náà fún Àǹtí bó ṣe rán mi.

"Ọ́fíìsì?" Àǹtí dẹ́kun iṣu bíbó. "Ẹni tí o bá wọn gbé sórí àga, o tún fẹ́ kí n lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí n gba nọ́ńbà? Màá kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni kí o fi í lé. Ọjọ́ ayọ̀ ni ọ̀la. Ẹni tínú rẹ̀ ń dùn kì í kọ ẹ̀bẹ̀."

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun nìkan ló ronú bẹ́ẹ̀. Bí bàbá mi ṣe wá àyè sí ilé-ìwé fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn: ó dúró de ọjọ́ tí ọmọ ọ̀gá ń gbéyàwó, ó wọ agbádá, ó fi ìwé lé ọ̀gá lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ohun tó gba ọwọ́ akọ̀wé kọjá máa ń sọnù. Ohun tó kan ọwọ́ ẹni ńlá, ó ti di ṣíṣe. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìjọba kí n tó dé ibí nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí aṣòfin dé ọ̀dọ̀ mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì na àpòòwé tí ìwé ẹ̀bẹ̀ Àǹtí wà nínú rẹ̀ sí i, orúnkún mi sì tẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ Àǹtí ní ìwọ̀nba gbólóhùn tí mo ti há sórí. Ó fetí sílẹ̀, mo jẹ́rìí sí i. Ó fi àpòòwé sínú àpò inú kóòtù rẹ̀, ó ní, "Fi í sílẹ̀ fún mi." Ẹlòmíràn sì fà á lọ láti ya fọ́tò.

Àǹtí ń dúró dè mí ní kíṣìnì.

"Kí ló sọ? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

"Ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun."

"Ó rẹ́rìn-ín?"

"Ó rẹ́rìn-ín, Àǹtí."

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, láàárín ẹ̀rọ ìdáná àti fíríìjì, ó gbàdúrà fún ọkùnrin náà, fún ìyàwó rẹ̀, fún àwọn ọmọ tí a kò mọ̀ bóyá ó bí. Mo ń ṣe àmín. Inú mi dùn gan-an, ìdùnnú ẹni tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà pípẹ́, tó wá wúlò lójijì.

Lẹ́yìn náà, a bẹ̀rẹ̀ sí dúró. Mo ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi pín káàdì ìdúpẹ́ kiri. Nígbà tí aṣòfin wá bá àwọn ayálégbé sọ̀rọ̀ nípa ilé tí kò móoru nígbà òtútù, èmi ni mo di pátákó rẹ̀ mú lẹ́yìn rẹ̀. Ó juwọ́ sí mi. Mo sáré lọ sọ fún Àǹtí.

"Ó dá ọ mọ̀?"

"Ó dá mi mọ̀."

"Ó ń ṣe é nìyẹn."

Mo ní bóyá kí n rán an létí. Àǹtí kọ̀ jálẹ̀. "Ẹni tó bá ń rán àgbà létí ìlérí rẹ̀, ó ti pè é ní òpùrọ́. Má ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́."

Ohun kan wà tí n kò sọ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọjọ́ àpòòwé, íméèlì kan dé láti ọ́fíìsì aṣòfin. Kò dárúkọ Àǹtí. Ó kàn sọ pé kí wọ́n tó lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ buwọ́ lu fóòmù tó wà nísàlẹ̀, nítorí òfin kò gbà kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ẹni láìgba àṣẹ rẹ̀. Mo kà á nínú subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀. Mo rò pé gbogbo ayé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Bí mo bá sì máa sọ òótọ́ délẹ̀, ó bí mi nínú díẹ̀. Fóòmù jẹ́ ti àwọn tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Àwa ti fi tiwa lé e lọ́wọ́. Ó dà bíi pé tí mo bá kún fóòmù yẹn, mo ti gbà pé ọwọ́ tó jù sí mi kò já mọ́ nǹkan kan, àti pé èmi náà kò já mọ́ nǹkan kan. Mo pa fóònù dé.

Permit Àǹtí tán ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Ọ̀gá ilé ìtọ́jú pè é pé kí ó má wá sí shift mọ́ títí ìwé yóò fi dé. Ìgbà yẹn ni mo tó sáré lọ sí ọ́fíìsì aṣòfin, lókè ilé ìtajà oògùn kan. Òṣìṣẹ́bìnrin kan tó dàgbà díẹ̀ jù mí lọ gbọ́ orúkọ Àǹtí, ó sì fa fáìlì kan yọ. Àpòòwé wa wà nínú rẹ̀. Aṣòfin kò gbàgbé. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọ́fíìsì gan-an ló gbé e fún wọn.

"A kọ̀wé sí ọ," ó ní, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. "Ìwọ nìkan ni a ní àdírẹ́sì rẹ̀."

Mo wo íméèlì náà. Èyí tí mo kà nínú subway ni.

Mo gba fóòmù náà délé. Mo sọ fún Àǹtí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè rẹ̀ ni. Ó buwọ́ lù ú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, èsì dé: tipẹ́tipẹ́ ni ìjọba ti dá ìwé rẹ̀ padà nítorí ojú ewé kan tí kò sí níbẹ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ilé abẹ́lẹ̀ tó ń gbé tẹ́lẹ̀ ní ìlú Oshawa, àdírẹ́sì tí wọ́n ṣì ní lọ́wọ́. Ká ní a béèrè nígbà tí permit ṣì wà ni, Àǹtí ì bá tún fi í ránṣẹ́. Ní báyìí, kò sí permit, kò sí ìwé kankan níwájú ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tó kù gùn, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà lórí rẹ̀. Ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, ó sì ní òun ń lọ sílé.

Mo bá a lọ dá káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ padà. Nígbà tí a ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, yìnyín tó ti di omi ẹlẹ́gbin ń ta sí fèrèsé. Mo ti ń sunkún láti ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ó fọwọ́ gbá mi lórúnkún.

"Ẹkún kí nìyẹn? O ṣe tìrẹ. Ọkùnrin yẹn ló gbàgbé wa. Olóṣèlú ni olóṣèlú ń jẹ́, dúdú ni o, funfun ni o."

Ọ̀nà àbáyọ ló fún mi yẹn, láìmọ̀. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń gbé inú rẹ̀: tó bá bú ọkùnrin náà, mo ń mi orí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbá mi lórúnkún yẹn, n kò lè gbà á mọ́.

"Àǹtí, kò gbàgbé."

Mo ṣí íméèlì náà, mo fi fóònù lé e lọ́wọ́. Ó kà á díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé ìsàlẹ̀, ó padà sókè, ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

"Permit mi ṣì wà nígbà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O rí i."

"Mo rí i, mà. Mo rò pé…" Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Mo sọ ti subway, mo sọ ti bàbá mi, mo sọ bí ọkàn mi ṣe rí. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń lọ, tó ń lọ.  Àǹtí dá fóònù padà sórí itan mi, ó fa okùn tí a fi ń sọ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì pé kí ó dúró. Ó ṣì ku ibùdókọ̀ méjì kí a dé tiwa.

Mo dìde láti tẹ̀ lé e. Kò wẹ̀yìn.

"Jókòó," ó ní.

Mo jókòó, òun nìkan ló sọ̀kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ló wọkọ̀ òfurufú. Àwọn ará Oshawa kan, aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́, ló sìn ín dé pápákọ̀, kì í ṣe èmi.