Ibi Tí Èékánná Mi Bò

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni Bàbá mi kú ní Bantè, ní ọdún tí mo di olùkọ́. Kí n tó dé ilé láti àdúgbò tí mo ń gbé, aṣọ funfun ti bo ojú wọn. Ìyá mi ní kí n ṣí i wò. Mo ní ó di ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá dé, a ó jọ wò ó. Mi ò sunkún. Ara mi kàn kú, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé lórí.

Paris ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Mo gun alùpùpù akérò lọ sí Savalou, nítorí ibẹ̀ ni tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ wà. Mo pè é, mo tú ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú kan ń gbéra ní aago mọ́kànlá, wákàtí mẹ́fà ni yóò fi dé Kutonu.

"Má jẹ́ kí wọ́n sin Bàbá kí n tó rí ojú wọn."

Mo ṣèlérí fún un.

Mùsùlùmí ni wá, òkú kì í sùn nílé lọ́dọ̀ wa. Àwọn àgbà ti fẹnu kò sí ẹ̀yìn ìrun ọ̀sán. Mo gbé ìwé máàpù tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ jáde níwájú wọn. Mo na ọwọ́ láti Paris dé Kutonu, ọwọ́ mi ò fẹ́ẹ̀ gùn tó. Mo ní gbogbo èyí, wákàtí mẹ́fà péré. Àbúrò Bàbá, tó ti ń kó iṣu lọ sí Kutonu kí wọ́n tó bí mi, béèrè pé láti Kutonu dé ọ̀dọ̀ wa ńkọ́. Bantè ò sí nínú máàpù yẹn, èmi ni mo fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Mo fi èékánná àtàǹpàkò bo àlàfo tó wà láàárín, ó bò ó tán. Mo ní kò ju báyìí lọ. Bàbá arúgbó náà wo èékánná mi, ó wo ojú mi, kò sì bá mi jiyàn. Wọ́n fún mi láyè títí di ìgbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, mo lọ dúró létí títì. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé wọ́n fẹ́ gbé Bàbá jáde. Mo ní ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Savalou. Àwọn obìnrin tó re ọjà ló sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n tún ránṣẹ́, mo nàka sí eruku tí mo rí lọ́ọ̀ọ́kán. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni ò wá mọ́. Oòrùn wọ̀, mo ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì, bí ọjọ́ ti ń kanrí, ni ẹ̀gbọ́n mi dé, eruku ti kún ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú kò pẹ́ rárá, wákàtí mẹ́fà géérégé. Tàsí tó wọ̀ ní Kutonu ni táyà rẹ̀ bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ojú ọ̀nà ni wọ́n sùn. A lọ sí ibojì, iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ ti gbẹ. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

"Ìwọ tó o rí wọn," ó ní, "báwo ni ojú wọn ṣe rí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni mo ń dúró dè."