Ọjọ́ Tí Kọ́kọ́rọ́ Bọ́ Sínú Adágún

Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Rìsíkátù ṣì wà ní kékeré ní Peckham ní London, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu Daddy: “Ẹ̀yin ọmọ yìí ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìyà.” Tí a bá ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọn á sọ ọ́. Tí a bá ní ẹran ọbẹ̀ kéré, wọn á tún un sọ. Ọmọ oko ni wọ́n, etí odò ni wọ́n dàgbà sí. Ní London, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń fọ̀ ní gáréèjì. Mummy ń tọ́jú àwọn arúgbó, nítorí náà àwa méjèèjì la sábà máa ń dá wà ní fúláàtì. Rìsí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, èmi jẹ́ mẹ́sàn-án. Òun ló ń dirun fún mi. Òun ló ń bá mi jẹ ẹ̀wà tí mi ò bá lè jẹ tán, kí Mummy tó yọjú.

Nígbà họlidé kan, Daddy yá àgọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ní mọ́sáláṣí. Wọ́n ní a máa lọ lo ọjọ́ mẹ́ta nínú igbó ìjọba kan tí adágún wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nígbà tiwa á rántí pé òyìnbó nìkan là ń rí tó ń ṣe irú ẹ̀. Mummy ò rí àyè níbi iṣẹ́. Àwa mẹ́ta kọjá sí ọjà Rye Lane, a ra iṣu, ata rodo àti ẹja tútù, òórùn ẹja náà sì bá wa dé igbó.

Kò sí iná níbẹ̀. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà, ó jìnnà. Ṣáláńgá ni ilé ìgbẹ́ wọn, èmi àti Rìsí á dimú kí a tó wọlé. Ṣùgbọ́n inú Daddy dùn ju bí mo ṣe rí wọn rí lọ. Wọ́n ṣẹ́gi, wọ́n dáná, wọ́n sun iṣu, wọ́n ha ibi tó jó kúrò, wọ́n da epo pupa lé e. Èéfín ń ta wá lójú, a ṣì ń jẹ ẹ́. Omi adágún la fi ṣe àlùwàlá, ó tutù débi pé eyín mi ń gbá ara wọn. Lẹ́yìn náà, èmi àti Rìsí á máa ju òkúta pẹlẹbẹ sórí omi, kí a mọ ẹni tí tiẹ̀ máa fò jù.

Ní ọjọ́ kejì, Daddy fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò pé kí n lọ mú iyọ̀ wá. Mo mú iyọ̀ wá, mi ò dá kọ́kọ́rọ́ padà. Mo lọ dúró sórí afárá pákó kékeré kan, mo ń fi ìka fi kọ́kọ́rọ́ náà yípo, ó fò, ó kó sómi. Rìsí ń fọ abọ́ ní etí omi. Ó gbórí sókè, ó rí i.

Nígbà tí Daddy bèèrè kọ́kọ́rọ́, ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó ronú: “Rìsí ni mo fún.”

Rìsí wò mí. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀. “Ó bọ́ sómi, Daddy. Ẹ máà bínú.”

Bàbá mi kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló bà wọ́n: ibẹ̀ jìnnà sílé, iṣẹ́ sì ń dúró dè wọ́n. Àmọ́ wọ́n ní, “Ibi tó bọ́ sí náà ni kó o ti lọ wá a.” Rìsí wọnú omi náà. Omi mù ún dé ìbàdí, ó mù ún dé àyà. Ó ń fẹsẹ̀ tá ẹrẹ̀ kiri. Obìnrin òyìnbó kan jáde láti inú àgọ́ kejì, ó bá Daddy sọ̀rọ̀. Daddy dá a lóhùn pé ọmọ àwọn ni. Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó ní kó jáde. Àwọ̀ ètè rẹ̀ ti yí padà.

Mo gbé súwẹ́tà mi fún un. Ó gbà á. Ó rọra sọ fún mi pé, “Tí a bá délé, tí wọ́n bá ti jẹun, kó o sọ fún wọn.” Mo ní màá sọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Uncle kan gbé kọ́kọ́rọ́ kejì wá láti Peckham. Kí a tó délé, ara Rìsí ti ń jó bí iná. Òtútù àyà ni wọ́n pè é ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bi í léèrè ohun tó gbé e dé inú omi, ó sọ fún un pé Daddy ló ní kí òun wọ̀ ọ́. Bí àwọn social worker, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣe dé nìyẹn. Wọ́n mú mi wọ yàrá kan tí ohun ìṣeré ọmọdé kún inú rẹ̀, wọ́n bi mí bóyá Rìsí ló sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ bóyá òtítọ́ ì bá yí ohunkóhun padà. Mo kàn mọ̀ pé mi ò sọ ọ́.

Wọ́n ní ìyà tí Daddy fi jẹ Rìsí ti pọ̀ jù, ọ̀dọ̀ ìdílé kan lẹ́yìn odi London ni káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n ní ó lè padà sílé, òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀. Daddy ò sọ mọ́ pé a ò mọ ìyà. Wọ́n á jókòó sídìí fèrèsé ní ọjọ́ ìsinmi wọn, wọ́n á máa wo títì. Wọ́n kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn láìmọ̀ pé èmi ni. A sin wọ́n, Rìsí ò wá.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó kọ lẹ́tà sí i. Sydenham ló ń gbé, bọ́ọ̀sì kan péré sí mi. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fèsì lórí fóònù: “Mi ò retí pé kí Daddy gbà mí sílẹ̀. Ìwọ ni mò ń retí.” Láti ìgbà yẹn, kò gbé ìpè mi mọ́.

Lóde òní, àwọn ọmọ mi náà ń bá ilé ìwé lọ sùn sínú àgọ́. Tí wọ́n bá fọ́ nǹkan, wọn á wá sọ fún mi kí n tó bèèrè, nítorí wọn ò bẹ̀rù mi. Inú mi máa ń dùn sí i, á sì tún bàjẹ́. Nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, apá wa ń kan ara wọn, ẹnu mi ò ṣí. Nísinsìnyí ẹnu mi ti ṣí, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́.