Ó Di Sátidé

Ta ni kò mọ irọ́ télọ̀? Wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá lọ́la, ẹ débẹ̀ lọ́la, aṣọ yín ò tíì fojú kan sísọ́ọ̀sì. Ti télọ̀ kan báyìí yàtọ̀ gédégédé. Bó bá ti ní Tusidé, Tusidé náà ni. Aṣọ á ti wà lórí ìkọ́, áyọ́ọ̀nù á ti gba orí rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí àwọn oníbàárà fi sọ ọ́ ní Ọjọ́-Pé. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì ìgéṣọ, àti kàlẹ́ńdà gbàǹgbà tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí títí kò fi sáyè mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ tipẹ́, wọn ò sì bímọ. Àbúrò kan ṣoṣo ló kù ú kù láyé, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní ìlú mìíràn.

Àbúrò yìí ló fà á wọ inú géèmù. Bésíbọ́ọ̀lù ni, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù kékeré, tí ẹlòmíì ń fi igi gbá a. Àwọn méjèèjì ò fojú rí pápá rẹ̀ rí. Orí fóònù ni tiwọn: wọ́n á kó àwọn eléré tí kò sí níbì kankan láyé jọ, wọ́n á to àwọn tí yóò ṣeré lọ́jọ́ náà, bó bá wá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà á bá wọn gbá a, á sì máa kọ bó ṣe ń lọ síta fún wọn. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o. A ti rí àgbàlagbà tó ń ṣe ohun tó burú jùyẹn lọ. Ìyàwó àbúrò náà rẹ́rìn-ín títí ó fi sú u, ó ní àwọn ọkùnrin méjì tó ti ń hewú ń jà lórí bọ́ọ̀lù tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, géèmù náà ló jẹ́ kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò máa gbóhùn ara wọn lójoojúmọ́.

Wọ́n pín iṣẹ́ ọ̀hún. Àbúrò ló ń ra èèyàn, torí ojú rẹ̀ mọ ọjà. Ẹ̀gbọ́n ló ń ṣètò ọjọ́. Nínú géèmù yìí, ajùbọ́ọ̀lù tó bá jù lónìí gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ mẹ́rin sinmi kí apá rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Àwọn tí kò gbọ́n á máa náwó lé ẹni tí apá rẹ̀ le jù. Ọjọ́-Pé á ní apá kọ́ o, kàlẹ́ńdà ni. Ajùbọ́ọ̀lù gidi tí wọ́n lò tán sórí ẹgbẹ́ ọ̀lẹ ti ṣòfò. Ọjọ́ tó bọ́ sí ni iye rẹ̀. Èyí tó dára jù nínú tiwọn, Apá-Irin ni wọ́n sọ ọ́, àbúrò sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni pé ó bí i lọ́mọ.

Ọdún tí ẹgbẹ́ wọn fẹ́ gba ife fúngbà àkọ́kọ́ gan-an ni kíndìnrín àbúrò dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìdíje tó máa pinnu ife bọ́ sí Sátidé. Lọ́jọ́ Tusidé, àbúrò pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí Apá-Irin jù lọ́la."

"Lọ́la kẹ̀? Ta là ń bá ṣe lọ́la? Ṣebí àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni. Ẹnikẹ́ni ló lè nà wọ́n."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ wò ó ni."

"Bó bá jù lọ́la, kò ní lè jù ní Sátidé nìyẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo máa parí yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀, mo máa wọ mọ́tò àárọ̀ Sátidé, a ó jọ jókòó wò ó níbẹ̀."

Mímí àbúrò ń dún nínú fóònù. "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n. Ó di Sátidé. Àmọ́ ẹ má ṣe mí bíi télọ̀ o."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àbúrò sì di ikọ́.

Kì í ṣe pé Ọjọ́-Pé dití. Ó gbọ́ bí ohùn yẹn ṣe rí. Ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, kò lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó fọwọ́ kan fóònù, Apá-Irin á jù lọ́la, ọkàn àbúrò rẹ̀ á balẹ̀. Àmọ́ bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ti gbà nìyẹn pé kò ní sí Sátidé. Kò fẹ́ gbà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ta lòun ti dá ọjọ́ fún rí tí ọjọ́ náà ò pé? Níwọ̀n ìgbà tóun bá ti dá Sátidé fún un, á dé Sátidé. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà ń rò. Ìfẹ́ ló ń dà á láàmú.

Lọ́jọ́rú, ẹlòmíì ló jù, wọ́n sì borí bó ṣe wí. Àbúrò kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́: "Ẹ ṣeun." Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀, tí Ọjọ́-Pé ń gán bọ́tìnnì ìkẹyìn, ìyàwó àbúrò rẹ̀ pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀."

"Ṣé ó ń sùn ni?"

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ọjọ́-Pé fi aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó jáde, kò rántí ti ilẹ̀kùn.

Sátidé bá a nínú pálọ̀ àbúrò rẹ̀, láàárín àwọn tẹlifíṣọ̀n oníbàárà tí wọ́n ti tú ẹ̀yìn wọn. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń kí i kú ara fẹ́ra kù, wọ́n ń lọ. Ní aago márùn-ún, fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Apá-Irin ti jù, bí Ọjọ́-Pé ṣe ti tò ó sílẹ̀. Àwọn ọ̀tá ò rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá rárá. Ife ti di tiwọn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe géèmù náà ń kọ̀wé wọlé wìtìwìtì: "Ẹ kú ètò o! Ẹ̀yin lẹ mọ ọjọ́ dá." Ó kórìíra gbogbo wọn. Ó kórìíra Apá-Irin tí kò sí láyé, tí apá rẹ̀ sì ti sinmi dáadáa.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ wá jókòó tì í, ó wo fóònù náà.

"Ṣé ẹ borí?"

"A borí."

Obìnrin náà tún sún mọ́ ọn. "Lọ́jọ́rú, ó ní kí n gbé fóònù fún òun. Ó fi Apá-Irin sípò ẹni tó máa jù. Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó tún yọ ọ́, ó dá ètò tiyín padà."

Ọjọ́-Pé yíjú sí i. "Kí ló yọ ọ́ fún? Àwa méjèèjì la ni ín. N ò ní bínú."

"Èmi náà bi í. Ó ní kì í ṣe ìbínú yín lòun ń sá fún. Ó ní bí òun bá jẹ́ kó jù lọ́jọ́ náà, ẹ máa mọ̀ pé òun ò ní bá yín dé Sátidé, ẹ ò sì ní lè ránṣọ mọ́."

Ọjọ́-Pé da fóònù náà dojú dé orí itan rẹ̀. Ẹkún gbé e, obìnrin náà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ilẹ̀ fi ṣú.