Epo Tí Ràfíátù Kò Bèèrè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Èjìgbò, ohun tí ìyá bàbá mi fi ń dẹ́rù bà wá ju pàṣán lọ ni ọ̀sán gangan. Màmá Àgbà là ń pè é. Yóò ní bí oòrùn bá ti dúró sí àtàrí, tí ènìyàn kò rí òjìji ara rẹ̀ mọ́, kí ọmọdé má ṣe jáde, torí ìgbà náà ni àwọn tí a kò mọ̀ ń ná ọjà tiwọn. Ẹni tó bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé kò gbọdọ̀ dáhùn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ò ní gbàgbé irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ á ti dùbúlẹ̀ sí ìdí ògiri, páànù orí ilé á máa ta kọ́-kọ́ nínú ooru, gbogbo àdúgbò á pa lọ́lọ́. Ìró odó tiwa nìkan lẹ ó máa gbọ́.

Odó yẹn ni iṣẹ́ wa. Iṣu gbígbẹ ni Màmá Àgbà ń tà, èyí tí à ń pè ní gbodo, àwa ọmọ ilé la sì máa ń gún un wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Eruku rẹ̀ á bò wá lójú, òórùn rẹ̀ á wọ aṣọ ilé-ìwé wa, àwọn ọmọ kíláàsì á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá fi odó sílẹ̀ láti lọ ṣeré yóò kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè títí òógùn yóò fi wọ̀ ọ́ lójú. Èmi kúnlẹ̀ dáadáa láyé mi.

Ìgbà tí ìbọn ń dún ní Àbíjàn ni wọ́n mú Ràfíátù wá sílé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, èmi àti ẹ̀ sì jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ mọ ìlú wa, kò sí agbo ilé tí kò ní ènìyàn ní Kodifuá. Bí àwọn ará Àbíjàn bá dé nígbà Iléyá, inú wa a máa dùn, nítorí ọṣẹ olóòórùn àti bisikíìtì. Ràfíátù kò mú báàgì kankan dé, kò sì bá ìyá rẹ̀ dé. Obìnrin kan tí wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì ló fà á lé Màmá Àgbà lọ́wọ́, ó ní ọ̀nà ni kò tíì là fún ìyá ọmọ náà. Láti ọjọ́ náà, a pe fóònù ìyá rẹ̀ títí, kò wọlé.

Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀. Ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó ń pọnmi, ó ń fọ abọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ pa dé pátápátá. Èyí tó tiẹ̀ tún dẹ́rù bà wá jù ni etí rẹ̀. A lè jókòó jẹ́jẹ́, kí ó ṣàdédé gbé orí sókè, kí ojú rẹ̀ le koko, nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ nǹkan kan. Bó bá ṣe díẹ̀, ọ̀kadà kan tí sáléńsà rẹ̀ ti bẹ́ yóò gba iwájú ilé kọjá. Ó máa ń gbọ́ ọ ṣáájú ajá. Lójú tiwa, ẹni tó ń gbọ́ ohun tí kò tíì dé kì í ṣe ènìyàn lásán.

Lọ́sàn-án wàyí, bí ọmọ odó bá ti balẹ̀ gbì lẹ́ẹ̀kan péré, Ràfíátù ti pòórá. Kò sí ẹni tí í rí i nígbà tó bá ń lọ. A kọ́kọ́ rò pé bojúbojú ló ń bá wa ṣe, a sì ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rán mi sí yàrá Màmá Àgbà kí n lọ mú ajọ̀ wá. Yàrá náà ṣókùnkùn, ó ń rùn fún káfúrà àti gbodo. Mo ti na ọwọ́ sí ajọ̀ nígbà tí ohùn kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì onírin, ohùn tín-ín-rín tó ti há: "Jẹpọ̀… jẹpọ̀… jẹpọ̀…" Yéè! Mo fi ajọ̀ sílẹ̀, mo fi bàtà kan sílẹ̀, mo tún tọ̀ sára.

Màmá Àgbà wọlé lọ, ó tẹ́tí. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Jẹpo ló ń wí," ó ní. "Epo ni wọ́n ń bèèrè. Ẹlẹ́gbẹ́ ni ọmọ yìí." Ó ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run ló ń wá bá a lọ́sàn-án gangan, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi ń tọrọ oúnjẹ, bí a kò bá sì tù wọ́n lójú, wọ́n á mú un lọ. Ó wá fa etí wa lọ́kọ̀ọ̀kan: a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lóde, kí wọ́n má baà sọ ilé Mùsùlùmí di ilé ẹlẹ́gbẹ́.

Ha, a jẹ epo! Iṣu sísè, epo. Gàárì, epo. Ẹ̀kọ gbígbóná tó yẹ kí a bu ṣúgà sí, epo. Màmá Àgbà se ẹ̀wà, ó dín àkàrà, ó ṣe àádùn tí epo ń kán lára rẹ̀, ó pe àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n wá jẹ ẹ́. Láàárọ̀, ó ń fi hàntú, omi tí ààfáà fi fọ wàláà, bọ́ ojú ọmọ náà. Lọ́sàn-án, ó ń ta epo sí ìdí ògiri. Ó ní Ọlọ́run kò ní kí ènìyàn káwọ́ gbera. Èmi sanra. Ràfíátù ló ń rù. Òkèlè kan, ó ti tó o. Ó wá di ẹni tí ń fi ẹ̀yìn ti ògiri jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá jí lówùúrọ̀ kùtù, ojú rẹ̀ á ti là sílẹ̀, á máa wo ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí débi pé mo gbé ẹní mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tó yá, Màmá Àgbà ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára òun. Wọ́n ti júwe bàbá kan fún un ní abúlé kan tó jìn kọjá ìlú Ara, tó máa ń ya irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nípá kúrò lára ẹgbẹ́ wọn. Gbẹ́rẹ́ ni yóò sín in, yóò nà án ní ẹgba, ọmọ yóò sì dá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi là. Ọjọ́ tí mo gbọ́ èyí ni ojora rẹ̀ kúrò lára mi, àánú gba ipò rẹ̀. Mo wo apá Ràfíátù. Kò lè gba ẹgba, yóò kú síbẹ̀ ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọlọ́kadà dé láti wá gbé wọn. Kò pa ẹ́ńjìnnì, ó ń dún gbà-gbà-gbà. Ràfíátù ti pòórá, kò sì sí ẹni tó láyà láti rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án gangan. Màmá Àgbà ń pè é káàkiri ẹ̀yìnkùlé nínú oòrùn, ó ti gbàgbé pé òun ló ní ká má dáhùn. Àárín ìyẹn ni Àǹtí Bílíkí, ìyàwó àbúrò bàbá mi, wọlé. Kò tíì pẹ́ tó ti Àbíjàn dé, ó wọ léèsì, ó wá kí wa ni. "Ẹ kú ilé o, Màmá. Ṣé kò sí láburú o?" Màmá Àgbà ní kò sí. Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo di léèsì rẹ̀ mú: "Àǹtí, wọ́n fẹ́ gbé e lọ! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bèèrè epo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì!"

Àǹtí Bílíkí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ lé mi wọ yàrá. "Jẹpọ̀… jẹpọ̀…" Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Pẹ̀lú léèsì yẹn, ó dojú bolẹ̀, ó rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ó fi ku àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì níta. A gbọ́ ọ tó ń sọ Faransé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ẹkún, ẹkún ọmọ gidi. Ràfíátù kò sunkún rí láti ìgbà tó ti dé.

Nígbà tó jáde, jàǹkáríwọ̀ wà lára gèlè rẹ̀, ọmọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn láyà. "Màmá," ó ní, "ta ló sọ fún yín pé epo ló ń bèèrè? Faransé ló ń sọ. Ẹ̀rù ń bà mí ló ń wí. Kò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù ń bà mí."

Màmá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Yéè, mo gbé! Láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀rù ni mò ń bu epo fún?"

Àǹtí Bílíkí bi í léèrè ní Faransé, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa: ọ̀sán ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò wọn, gbì, gbì, bí odó. Ìyá rẹ̀ wọ́ ọ sábẹ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó ní kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá, torí bí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn, wọ́n á mọ̀ pé àlejò ni wọ́n. Ó ní kó má sọ ọ́ títí òun yóò fi ní kó sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kò sì tíì ní kó sọ ọ́. Ọmọ gbọ́ràn ni, ó gbọ́ràn náà dé Èjìgbò.

Ọlọ́kadà bínú lọ. Màmá Àgbà dojú odó dé lọ́sàn-án, ó gbé gbígún sí ìrọ̀lẹ́, ó sì ní kí ọmọ odó tó balẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ké sí i: "Ràfí, odó ni o!" Àǹtí Bílíkí ń mú un lọ rí nọ́ọ̀sì kan, ẹni tó kàn ń jẹ́ kó ya àwòrán, kó sì máa sọ ohun tó yà fún Àǹtí ní Faransé. Màmá Àgbà náà kọ́ ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo. Lọ́sàn-án, á bẹ̀rẹ̀ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Jẹpọ̀, ọmọ mi?" á sì wọlé lọ dùbúlẹ̀ tì í. Àwa la máa ń fà á jáde, orúnkún rẹ̀ kò gbà. Ara Ràfíátù kò tètè yá o. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló tún padà sẹ́yìn, tí kò jẹun.

Lọ́jọ́ kan tí à ń jẹun, Ràfíátù gbé orí sókè. A retí ọ̀kadà títí, ọ̀kadà kankan kò kọjá. Ó fi àwo sílẹ̀, ó lọ dúró sí etí títì, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni mú òun wọlé. Wọ́n ti kírun Àsárì tán kí bọ́ọ̀sì kan tó dúró. Ìyá rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀. "Ràfí," ìyá rẹ̀ ní, "o ti lè sọ ọ́ báyìí." Ràfíátù kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Màmá mi." Kí ló gbọ́ ṣáájú wa? Mi ò mọ̀ títí dòní, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín ni tí mo bá bi í.

Láyé òde òní, a kì í pe ọmọ ní ẹlẹ́gbẹ́ mọ́. Ọ̀lẹ là ń pè é. Ọmọ fóònù. Aláṣejù. Olùkọ́ agbaninímọ̀ràn wà nílé-ìwé, dókítà wà lọ́sibítù, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí kò jẹun, epo tiwa náà là ń bù: àlékún lẹ́sìnnì, àdúrà, ìbúra pé àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀ láyé tiwa. A bi wọ́n, wọ́n ní, "Kò sí nǹkan kan." Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, ká tó tu itọ́ funfun jáde, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Ní ilé mi, òfin kan wà. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já yóò wí ọ̀rọ̀ Ràfíátù, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ bi í pé ṣé ó ti fọ abọ́. Láìpẹ́ yìí, ọ̀sán gangan, tí Hàlímà, ọmọ mi obìnrin, ń múra ìdánwò àṣejáde, mo ń dín ẹran lọ́wọ́, mo pè é títí, kò dáhùn. Mo dé yàrá rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo irun ara mi dìde. Ohùn tín-ín-rín kan wá jáde lábẹ́ rẹ̀: "Mọ́mì, jẹpọ̀."

Mo sáré lọ pa gáàsì, mo padà. Mo wé ìró mi le, mo dojú bolẹ̀, orúnkún mi ké. "Sún," mo ní, "kí n rí àyè."