Àyà Ń Fún Un, Ẹnu Kò Sọ

Ọlábímpé ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kàndínlógún. Mọ́kànlá nínú rẹ̀ jẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọkàn ń yọ lẹ́nu, ní ọsibítù kan ní Dallas. Kí aláìsàn tó lọ sílé, òun ló ń jókòó tì í, tí ó ń ṣàlàyé.

Ó mọ àlàyé ṣe. Á ní ọkàn kò tóbi ju ìkúùkù lọ, òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ọkàn fúnra rẹ̀ náà ń jẹun. Iṣan tín-ín-rín mélòó kan ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bọ́ ọ. Bí ọ̀rá bá lẹ̀ mọ́ inú iṣan náà, ọ̀nà á há. Bí èèyàn bá jókòó, ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá á tó ọkàn. Bó bá gun àtẹ̀gùn tàbí tó gbé ẹrù, kò ní tó mọ́, àyà á sì fún un. Bó bá sinmi, á lọ.

"Ẹ má jẹ́ kó tàn yín," ni Bímpé máa ń sọ. "Ó lọ ni, kò tán."

Àjèjì ń gbọ́ tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò gbọ́.

Adéníjì, ọkọ rẹ̀, bàbá Dérìntọ́ ọmọ wọn, jẹ́ ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ó sì ń kọ́ àwọn àgbà ní Bíbélì ní ìjọ wọn ní Garland. Ohun tó fi ń kọ́ wọn ni pé Kristẹni kì í fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àìsàn. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ rẹ̀ ti gbà á sílé. Bí ọ̀fìnkìn bá mú un, tí imú ń dà, á ní ara òun le. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. "Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ní mo ní" ló ń pè é títí dòní.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, Bímpé rí i láti ojú fèrèsé. Ó ń ti ike ìdọ̀tí lọ sẹ́bàá títì. Ó dúró lágbede méjì, ó fi ọwọ́ kan di ọgbà aládùúgbò mú, ó fi èkejì di àyà, ó ń wo inú ọgbà náà bí ẹni ń wo òdòdó. Kò sí òdòdó níbẹ̀.

"Dádì Dérìntọ́, kí ló ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ fọwọ́ di àyà mú."

"Mò ń yin Ọlọ́run ni."

"Nídìí ike ìdọ̀tí?"

"Níbi gbogbo là á ti í yìn ín."

Oṣù méjì ni Bímpé fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà láti lọ rí dókítà ọkàn. Dókítà Zahrah bi í bóyá àyà ń fún un bó bá ń rìn. Ó ní rárá. Ṣé ó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ? Ó ní rárá. Ṣé apá ń dùn ún? Ó ní ara òun dá ṣáṣá. Bímpé ní irọ́ ni, òun fojú rí i. Adéníjì rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ọsibítù ló ń da ìyàwó òun láàmú. Dókítà gbọ́ tàwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n aláìsàn ló ni àyà. Wọ́n so wáyà mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ ya bí ọkàn ṣe ń lù. Ó dára. Orí bẹ́ẹ̀dì ló dùbúlẹ̀ sí. Ọkàn tó ń sinmi kì í sábà rojọ́. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Bímpé ló wa ọkọ̀ padà. Orí fíríwéè ni sùúrù rẹ̀ ti tán.

"Ẹ purọ́ fún dókítà."

"Irọ́ wo? Ó bi mí bóyá mo ní i. Mi ò ní i. Mi ò gbà á."

"Àyà yín ti gbà á."

"Bímpé, wa mọ́tò."

Lọ́jọ́ kejì, aláìsàn kan tí kò rí i rí di ọwọ́ rẹ̀ mú ní wọ́ọ̀dù, ó ń dúpẹ́ pé àlàyé náà yé òun. Bímpé wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù kẹfà, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Adéníjì jókòó sórí àga, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òógùn bò ó. Kò gbé nǹkan kan, kò gun nǹkan kan. Bímpé mọ èyí. Èyí tó bá bá èèyàn níjòókòó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Iṣan ti fẹ́ dí tán nìyẹn. Ó pe 911.

Ọkọ̀ pàjáwìrì dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ethan, olórí àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ náà, bi Adéníjì bóyá àyà ń dùn ún. Adéníjì ní ara òun le, òun kò lọ síbì kankan. Ethan ní òun kò lè fipá gbé ẹni tí orí rẹ̀ pé. Bó bá kọ̀, kó fọwọ́ sí ìwé. Ó mú ìwé jáde. Adéníjì na ọwọ́ gba bírò.

Bímpé kúnlẹ̀.

"Dádì Dérìntọ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ẹ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ gbogbo ohun tí ẹ kọ̀, ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká máa dárúkọ ohun tá à ń gbàdúrà lé."

Adéníjì dijú. Gẹ̀ẹ́sì ló fi gba àdúrà náà, ohùn rẹ̀ ń já.

"Mo kọ ìwúwo tó jókòó lé mi láyà láti ìdajì wákàtí. Mo kọ ìrora tó gba apá òsì mi lọ dé ìka. Mo kọ èyí tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú. Mo kọ èébì tó ń gbé mi. Mo kọ ti àná, mo kọ ti ìjẹta, mo kọ gbogbo èyí tó ti ń wá láti oṣù kejì..."

"Oṣù kejì!" ni Bímpé ké.

"Ní orúkọ Jésù."

"Àmín," ni Ethan wí. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó dá ìwé tó ní kó fọwọ́ sí yẹn padà sápò, ó fún un ní asipirínì kó rún un. Adéníjì rún un, kò bá wọn jiyàn mọ́, wọ́n sì gbé e jáde.

Ní ọsibítù, wọ́n rí i pé iṣan iwájú ọkàn ló dí. Bí a bá pín ọ̀nà inú rẹ̀ sí mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ti lọ. Wọ́n gba iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n fi páìpù kékeré kan tí wọ́n fi wáyà hun la ọ̀nà náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ló padà sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, Bímpé gbé omi àti oògùn méjì síwájú rẹ̀, ó ṣàlàyé. Ẹ̀jẹ̀ lè dì mọ́ wáyà náà. Oògùn méjì yìí ni kò ní jẹ́ kó dì. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan títí ọdún kan.

"Mo ti gba ìwòsàn," ni Adéníjì wí. "Màá jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi. Kí ni ẹni tí kò ní nǹkan kan fẹ́ fi oògùn ṣe?"

"Ẹ jẹ́rìí. Ẹ kọ́kọ́ gbé oògùn mì."

"Bí mo bá gbé e mì, kí ni mo sọ yẹn?"

"Ẹ ò sọ nǹkan kan. Oògùn ló wà lẹ́nu yín."

Ó bojú jẹ́. Ó gbé wọn mì. Bímpé kò kúrò níbẹ̀ títí omi fi tán nínú ife.

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Ọ̀la náà."

"Títí ọdún kan?"

"Ọdún kan gbáko."

"Obìnrin yìí," ni Adéníjì wí, ó sì na ife sí i.